Ọwọ́ Tó Ń Ya Iwin

Bí ẹ bá wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ní Tòróńtò, tí ẹ rí obìnrin kúkúrú kan tó di irin mú, tó tẹjú mọ́ yín bí ẹni pé bàtà rẹ̀ lẹ wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Jọkẹ́ Adébánjọ ni. Kò bá yín jà, imú yín ló ń wò. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, á fa ìwé pélébé kan yọ nínú báàgì, á sì fi pẹ́ńsù yà yín síbẹ̀ kí ọkọ̀ mìíràn tó dé. Bí imú yín bá wọ́ díẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ orí yín, torí ẹ lè di ẹbọra pàtàkì nínú ìwé rẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìwé ìtàn aláwòrán ni Jọkẹ́ ń yà, irú èyí tí wọ́n máa ń pín ojú ìwé rẹ̀ sí àpótí àpótí, tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn inú rẹ̀ á wà nínú róbótó funfun lókè orí wọn. Ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀, ó máa ń jókòó sídìí tábìlì àbáwọlé ní ilé ìwòsàn eléyín kan ní Markham, á máa gba orúkọ sílẹ̀, á máa dá fóònù lóhùn. Àwọn kan nínú ìjọ wọn máa ń bi í pé ìgbà wo ló máa fi àwòrán sílẹ̀ kó wá iṣẹ́ gidi. Mo mọ irú wọn. Ẹni tí kò lè ya ẹyin kó rí róbótó ló máa ń mọ ohun tó yẹ kí ayàwòrán fi ayé rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rín ni Jọkẹ́ máa ń fi wọ́n rín. Ó ní níbo ni òun tún ti fẹ́ rí ojú ẹ̀rù tó pọ̀ tó ti ilé eléyín? Bàbá tó ga bí òpó iná, bó bá ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ nínú yàrá kejì, ojú rẹ̀ á fún bí ojú ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni Jọkẹ́ máa ń kó relé, torí pé lọ́jọ́ mẹ́rin tó kù nínú ọ̀sẹ̀, iwin ló ń yà.

Iwin, àǹjọ̀nnú, egungun gbígbẹ tó ń rìn, àjẹ́ tó ń gun ìgbálẹ̀. Kò sí ohun tí Jọkẹ́ fẹ́ràn ní Kánádà tó Halloween, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, nígbà tí àwọn ọmọdé máa ń wọ aṣọ ẹlẹ́rù, tí wọ́n á máa ti ojúlé dé ojúlé tọrọ súìtì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà púpọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ọjọ́ náà sétí. Wọ́n á paná, wọ́n á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ títí àwọn ọmọ á fi kọjá. Jọkẹ́ ní tirẹ̀ ti ń ka ọjọ́ láti oṣù keje. Ìdí rẹ̀ kò sì jẹ mọ́ iwin rárá.

Ọdún tó kọ́kọ́ dé, akẹ́kọ̀ọ́ ni, yàrá abẹ́ ilé kan ló ń gbé ní Brampton. Ní Mọ̀kọ́lá, n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ilẹ̀kùn wọn kì í sinmi. Ẹni tó fẹ́ tọrọ iyọ̀ ń bọ̀, ẹni tó wá béèrè bóyá iná ti dé ń bọ̀, ẹni tí kò tiẹ̀ ní ohun tó fẹ́ ṣe náà á gbé àga sún mọ́ tiyín. Ní Brampton, ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni kò sẹ́nì kan tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ wá kí i á ti kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, á tún wá sọ pé òun ò lè wá mọ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn wá dún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Jọkẹ́ sáré lọ ṣí i pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Egungun gbígbẹ ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Àjẹ́ dúró tì í. Nǹkan kékeré kan tó ní orí elégédé wà lẹ́yìn wọn.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Jọkẹ́ ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Ó gbọ́ ohùn tín-ín-rín lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó yọjú wò. Ikun ń yọ nímú egungun náà. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rù kúrò lára Jọkẹ́, ó sì ṣe ohun tí ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ dáadáa máa ń ṣe fún àlejò. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Sit down. Have you eaten?" Àwọn ọmọ yìí bọ́ bàtà, wọ́n jókòó. Ó bu ìrẹsì sí abọ́ mẹ́ta. Egungun ti mú ṣíbí kẹta kí ìyá wọn, tó dúró sójú títì, tó sáré wọlé, tí ojú rẹ̀ ti funfun ju ti iwin lọ. Nígbà tí àlàyé parí, tí obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó padà sílé rẹ̀, ó gbé ike súìtì kan wá fún Jọkẹ́ kó lè rí nǹkan fún àwọn ọmọ yòókù. Mẹ́tàlélógójì ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó kà wọ́n. Ó ní ọjọ́ yẹn ni Kánádà tó kí òun káàbọ̀.

Láti ìgbà náà ni Halloween ti di tirẹ̀. Ní àdúgbò tí òun àti ọkọ rẹ̀, Súnkànmí, ń gbé ní Scarborough báyìí, súìtì nìkan kọ́ ló ń pín. Lọ́dọọdún ló máa ń ya ìtàn iwin kékeré kan, á tẹ̀ ẹ́, á ká a mọ́ra, á sì fi ẹyọ kan sínú àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kó mẹ́jọ jọ, tí wọ́n ti hu irùngbọ̀n, tí wọ́n ṣì ń wá gba ti ọdún yìí.

Ibi ìwé kékeré wọ̀nyẹn ni ìwé ńlá ti wá. Ọ̀kan dé ọwọ́ Fareedah, olóòtú ní ilé ìtẹ̀wé kan ní àárín ìlú, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Tòróńtò, tó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó ní kí Jọkẹ́ wá ṣe ìwé tó tóbi. Ọdún mẹ́ta ni Jọkẹ́ fi yà á. Ìyá àgbà kan ló wà nínú ìtàn náà, ó ti Ìbàdàn wá kí ọmọ rẹ̀, kò mọ ohun tó ń jẹ́ Halloween. Ó ṣílẹ̀kùn. Iwin gidi ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ, ìyá àgbà ò mọ̀, ó ní kí gbogbo wọn wọlé wá jẹun. Àwọn iwin bẹ̀rẹ̀ sí í ba ilé jẹ́. Ìyá àgbà kò pariwo, kò gbàdúrà, kò gbé ìgbálẹ̀. Ó kàn wò wọ́n ni.

Ẹ̀yin tí ìyá Yorùbá tọ́, ẹ mọ ìwò tí mò ń wí. Ọ̀kan wà tó ń sọ pé, "Dá ẹran yẹn padà." Ọ̀kan wà tó ń sọ pé, "Ṣé o ti kí wọn ni?" Ọ̀kan tún wà tí kì í sọ ju "Ó di ilé" lọ, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkàn ọmọ balẹ̀ jálẹ̀ òde. Ojú ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Jọkẹ́ fi ya ìwò wọ̀nyí láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ẹ̀rù ba Fareedah. Ó ní ṣé á yé àwọn tí wọn kì í ṣe tiwa? Wọ́n gbé e lọ fún kíláàsì ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan. Nígbà tí wọ́n dé ojú ìwé ogójì, ọmọ Ṣáínà, ọmọ Íńdíà, ọmọ Jàmáíkà, gbogbo wọn ló rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àga. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Fareedah ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú yẹn ní ẹni tó ni ín. Màmá Jọkẹ́ ni, tísà àgbà tó ti fẹ̀yìntì n'Ìbàdàn, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n bi Jọkẹ́ lórí fóònù pé irú àwòrán wo ló ń yà. Ó ní ìwé àwọn ọmọdé ni. Inú Màmá dùn, wọ́n ní, "Ti Sunday school, àbí?" Jọkẹ́ kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Màmá dìde níwájú ìjọ, wọ́n jẹ́rìí pé ọmọ àwọn ń ya Nóà àti Dáníẹ́lì fún àwọn ọmọ Kánádà. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti ń gbàdúrà fún ọwọ́ Jọkẹ́. Nígbàkigbà tó bá fẹ́ sọ òtítọ́, Màmá á ní ẹgbẹ́ ń kí i.

Jọkẹ́ wá sọ fún Fareedah pé òun ò ní tẹ ojú ìyá òun sínú ìwé láìgba àṣẹ lẹ́nu wọn. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá. Bí Màmá bá ní rárá, ìwé ò ní jáde, ọdún mẹ́ta ti wọmi nìyẹn.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ni Màmá gúnlẹ̀, wọ́n wá lo oṣù mẹ́fà. Kí wọ́n tó dé ni Súnkànmí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Vaughan, ti fi ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kó gbogbo egungun, elégédé àti àjẹ́ sínú àpótí, ó sì tò wọ́n sí garage. Adìyẹ wá bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Jọkẹ́ ti yàrá iṣẹ́ rẹ̀ pa. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé lọ́la lòun máa sọ ọ́, lọ́la lòun máa sọ ọ́, títí ọjọ́ Halloween fi pé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjìlá, ó sọ fún Súnkànmí pé kí wọ́n pa iná ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ó lọ sí ibi iṣẹ́ tẹkúntẹkún.

Àṣìṣe kan ló ṣe. Ó ti pẹ́ ní Kánádà débi pé ó rò pé àlejò máa ń jókòó. Ìyá Yorùbá wo ló máa wá kí ọmọ, tó máa jókòó sí pálọ̀ máa wo tẹlifíṣọ̀n títí ọmọ á fi dé? Màmá ti gbá gbogbo ilé, wọ́n ti fọ gbogbo ìkòkò, wọ́n wá rí ilẹ̀kùn kan tó kù. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí fíríìjì. Nígbà tí Jọkẹ́ wọlé lágogo márùn-ún, ó bá yàrá iṣẹ́ ní ṣíṣí sílẹ̀. Màmá ti nu tábìlì, wọ́n ti to búrọ́ọ̀ṣì láti orí kékeré dé ńlá, wọ́n sì ti to ojú ìwé bó ṣe ní nọ́ńbà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bíi tísà tó ń to ìwé ìdánwò. Ọ̀kan wà lórí itan wọn.

"Ta nìyí?" Wọ́n na ìwé náà sí i.

"Ẹ̀yin ni, Mà."

"Kí ni mò ń ṣe láàárín àwọn wọ̀nyí?"

"Ẹ̀ ń bá wọn wí ni, Mà."

Màmá wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Nóà dà? Dáníẹ́lì dà?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Jọkẹ́ kò tiẹ̀ tó ogún ọdún. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màámi. Mi ò ya Nóà rí. Iwin ni mo máa ń yà. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ti Sunday school ni, ojú wá ń tì mí láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ọdún márùn-ún ni mo fi dúró níwájú èèyàn, tí mò ń fi ẹnu ara mi jẹ́rìí ohun tí kò sí." Ohùn Màmá lọ sílẹ̀ gan-an. "Ìwọ lo jẹ́ kí n máa parọ́ nínú ilé Ọlọ́run, Jọkẹ́."

Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó máa bo ìyẹn. Jọkẹ́ wá sọ ohun tí kò sọ fún wọn rí. Ó sọ ti yàrá abẹ́ ilé ní Brampton, ó sọ ti ilẹ̀kùn tí kò dún fún ọ̀sẹ̀ méje, ó sọ ti egungun tí ikun ń yọ nímú rẹ̀. Ó ní bí iwin ṣe wọ inú iṣẹ́ òun nìyẹn.

"Gbogbo ìgbà tí mo pè ẹ́ nígbà yẹn," Màmá ní, "o ní o wà dáadáa. O ní ọ̀rẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ ẹ."

"Mo mọ̀, Mà."

"Àwọn ọmọ yìí ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ọmọ mi?"

"Àwọn ni, Mà."

Màmá fi ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àwòrán náà sókè, ohùn wọn sì yí padà pátápátá. "Ìró yìí wá ńkọ́?"

"Ìró wo, Mà?"

"Ìró tí mo fi ń dáná lo ró fún mi! O gbé mi sínú ìwé tí gbogbo ayé máa rà, o fi orí mi sílẹ̀ láìwé nǹkan kan bí ẹni tí kò lẹ́bí! Fọ́tò lásán, ẹnìkan ò lè yà mí láìmúra, ká má tíì sọ ìwé! Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀?"

Súnkànmí, tó ti ibi iṣẹ́ dé tó dúró sí ẹnu yàrá, wúkọ́ lójijì, ó yíjú sí ògiri. Jọkẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, kò mọ̀ bóyá kó sunkún ni tàbí kó rẹ́rìn-ín. Ọdún márùn-ún ló fi ń bẹ̀rù iwin, kò ronú kan gèlè rí.

Ilẹ̀kùn dún.

"Ẹ má dá wọn lóhùn," Jọkẹ́ sọ wúyẹ́wúyẹ́. "A ti paná. Wọ́n á lọ."

Wọn ò lọ. Ẹnìkan pariwo níta pé, "Miss Jọkẹ́! Miss Jọkẹ́! Are you home?"

"Wọ́n mọ orúkọ ẹ?" Màmá béèrè.

"Wọ́n mọ̀ ọ́n, Mà."

"Àlejò dé ẹnu ọ̀nà ọmọ mi, wọ́n ń fi orúkọ pè é, ẹ wá jókòó sínú òkùnkùn, ẹ ń sá pamọ́?" Màmá dìde. "Súnkànmí, tan iná."

"Yes, Mummy."

"Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tíì ṣílẹ̀kùn o." Wọ́n wọ yàrá wọn lọ.

Súnkànmí yọjú lójú fèrèsé, ó ní kí àwọn ọmọ náà fara balẹ̀, grandma is getting dressed. Wọ́n béèrè pé bí ta ló ń múra. Ó ní as herself. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iwin méjì, kòkòrò oyin kan àti ẹranko abìyẹ́ kan fi dúró nínú òtútù. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Màmá ló dúró síbẹ̀ nínú bùbá àti ìró léèsì tí wọ́n gbé wá fún ìdúpẹ́ ọjọ́ ìsinmi, pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ aró tó fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà. Màmá wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀. Kòkòrò oyin yọ ìka nímú. Iwin méjèèjì dúró ṣánṣán.

"Good evening, children. What is your name? And who is your mother?" Màmá bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dúró gbọ́ èsì. Súnkànmí ti sáré gbé ìwé ti ọdún yìí wá láti garage, torí Jọkẹ́ ti yà á ní ìkọ̀kọ̀, kò lè ṣàìyà á. Màmá fi ọwọ́ ara wọn pín in. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ, Màmá ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn.

"Wò mí dáadáa. Báyìí ni kó o yà mí. Ti ìró ìdáná yẹn, mi ò fọwọ́ sí i."

"Màámi, ṣé ẹ gbà kí n..."

"Mi ò fẹ́ràn ìṣeré yìí, mi ò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ láéláé. Ìwọ ni mo fẹ́ràn. Lọ gbé pẹ́ńsù."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní kí ọjọ́ ìtẹ̀wé tó pé. Jọkẹ́ gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Láràárọ̀ ni Màmá máa ń múra bí ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jókòó sórí àga ìjẹun, wọ́n á sì máa wo ọwọ́ ayàwòrán bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò. "Ìṣẹ́po mẹ́rin ni gèlè mi ní, o ya mẹ́ta." Jọkẹ́ á pa á rẹ́, á tún un yà. Ojú ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló tún yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìyá àgbà tó wà nínú ìró àlòkù dára, ṣùgbọ́n èyí tó wé gèlè ṣíwájú kó tó lọ ko iwin lójú, ẹni téèyàn máa ń yà fún ni. Fareedah ṣí i wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Auntie Jọkẹ́, this is it. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ní ìparí oṣù kejì, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí Màmá tó padà sílé, ẹ̀dà àkọ́kọ́ dé nínú páálí. Jọkẹ́ gbé e, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rí orúkọ rẹ̀ lára ẹ̀yìn ìwé náà, orí rẹ̀ sì wú. Màmá gba ọ̀kan lọ sí kíṣìnì. Kò pẹ́ tí Jọkẹ́ fi gbọ́ ohùn wọn, torí pé bí Màmá bá ń pe Ìbàdàn, wọ́n máa ń pariwo bí ẹni pé Ìbàdàn wà lódì kejì odò. Ìyá Péjú, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló wà lórí fóònù.

"Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ kan sínú ìpàdé. Ìwé ọmọ mi ti jáde. Rárá o, kì í ṣe ti Bíbélì. Mo ṣì yín lọ́nà, Ìyá Péjú, tí mo bá dé, mo máa dìde níwájú gbogbo yín, mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí."

Jọkẹ́ ti dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Màmá rí i, wọn ò rẹ ohùn sílẹ̀.

"Iwin ni. Ẹ ò ṣì mí gbọ́. Iwin ni Jọkẹ́ mi ń yà, ó sì mọ̀ ọ́n yà."